Ìwọ̀n Dókítà Kì Í Ṣe Ìwọ̀n Télọ̀

Bọ́tìnnì, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé ọkọ rẹ ń gbádùn, ṣé ẹsẹ̀ rẹ ò wú? Ọlọ́run tó fi oyún yìí ta ọ́ lọ́rẹ lẹ́yìn ìrètí ọlọ́jọ́ gbọọrọ, òun náà ni yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ tó máa ń dún kẹ́kẹ́ náà ń kí ọ, nítorí gbogbo ohun tí a bá ń sọ nínú ilé yìí ló máa ń dá sí.

Nígbà tí o pè wá pé dókítà ní kókó wẹ́wẹ́ wà lára ilé ẹyin rẹ, pé òun ló ń mú ọ sanra kíákíá bí o ò tiẹ̀ jẹun púpọ̀, pé kí o máa ṣọ́ ìwọ̀n rẹ dáadáa nítorí oyún yìí, inú mi dùn. Mo sọ fún ìyá rẹ pé dókítà gidi nìyẹn, ó mọ̀ pé ọmọ télọ̀ ni ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi téèpù mi tuntun ránṣẹ́ sí ọ, tí mo sì rán gáùn aláboyún, ọ̀kan fẹ̀ ju ọ̀kan lọ, èyí tó kẹ́yìn tóbi débi pé ìyá rẹ bi mí bóyá àgọ́ ni mo ń rán.

Ìgbà tí o wá ní gáùn àkọ́kọ́ ṣì gbà ọ́ nínú oṣù keje, àyà mi já. Mo ní ọmọ yìí ti ń febi pa ọmọ ọmọ mi. Mo ní kí ìyá rẹ gbé àwòrán inú ikùn tí ọkọ rẹ fi sórí fóònù wá. Mo kọ́kọ́ rò pé òjò ló ṣú níbẹ̀, àfi ìgbà tí ìyá rẹ fi imú ọmọ hàn mí. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, kò gùn ju ìka mi lọ, omi sì bọ́ lójú mi. Bí mo ṣe fi ìka méjì pa á lára pẹ̀lẹ́ báyìí, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà lójú mi kòrókòró, orí rẹ̀ kún fóònù. Mo gbé e sáré lọ bá nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tó ń gbé ní iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní kó wá wo iṣẹ́ ìyanu, mo sì ro ohun tí dókítà wí fún un.

Màmá yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ìjókòó. Ó ní fóònù ló fẹ àwòrán, ọmọ ò tíì kúrò níbi tó wà. Ó ní ìwọ̀n tí dókítà ń wí, ti orí òṣùwọ̀n ni, pé aláboyún tó ní irú kókó yẹn, bó bá sanra jù, àìsàn ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru lè tètè yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní kò sì gbọ́dọ̀ febi panú, kò gbọ́dọ̀ ní òun fẹ́ rù, díẹ̀díẹ̀ ni kó máa wúwo sí i, bí dókítà rẹ̀ bá ṣe ní kó ṣe. Mo ní ọmọ ńkọ́? Ló bá pe ọkọ rẹ, ọkọ rẹ sì ní ọmọ ń dàgbà dáadáa, pé dókítà ń yìn ọ́.

Bọ́tìnnì, èmi náà yìn ọ́. Ìwọ tí o máa ń kó ṣúgà oníhóró pamọ́ sínú agolo bọ́tìnnì mi nígbà tí o wà ní kékeré, ìwọ náà ni wọ́n ń gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún níbi iṣẹ́ tí o ń ní omi tó ọ? Ọkọ rẹ ní ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ lo ń jẹ, pé ẹ jọ máa ń rìn yí àdúgbò ká tí ẹ bá jẹun tán, tó bá sì rẹ òun, ìwọ lo ń fa òun lọ́wọ́. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń sáré ju ẹsẹ̀ ẹni lọ. Irú ara bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fún ọ, o sì mú un tọ ojú ìlà. Èmi ò rò pé mo lè ṣe é.

Jọ̀ọ́, fi owó bọ́tìnnì ránṣẹ́, bọ́tìnnì kékeré tó wẹ́ ni mo fẹ́ rà. Má fi sínú fóònù mọ́, mo gbọn fóònù náà títí nítorí owó tọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sí nǹkan kan tó já bọ́. Mo ti tú gáùn tó dà bí àgọ́ yẹn, tó ṣì wà lọ́dọ̀ mi, mo dín in kù, mo sì fi èyí tí mo gé kúrò rán aṣọ ọmọ. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ tọmọ. Ibi tí o ò jẹ́ kí ara rẹ kún nínú gáùn yẹn, òun lọmọ rẹ máa wọ̀ wá kí mi.

Èmi ni bàbá rẹ, télọ̀.