Sátidé Tí Ilé Alájà Yóò Kún

Igbodigo,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù kọkànlá, 1971.

Rose, ọmọ mi àtàtà,

Bàbá rẹ ló ń kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun dáadáa, àbí búrẹ́dì ṣì ni l'Ékòó níbẹ̀? Èkó kò ní gbé ọ mì, ẹsẹ̀ tí o fi lọ ni wàá fi bọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, àmín. Ìyé rẹ ní kí n kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ ti bí méjì, kékeré inú wọn sì ti jẹ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tí a fi kọ́ ògiri, ó jẹ ẹ́ láti oṣù kìíní títí kan Kérésìmesì, a kò mọ ohun tí ọjọ́ jẹ́ mọ́ bí kò ṣe pé a bi ará ilé kejì.

Ọmọ mi, ìròyìn ńlá ló wà níhìn-ín. Ilé Alájà ti dìde! Ilé pákó tí àwọn òyìnbó mísọ̀n kọ́ sẹ́bàá ọjà, tí bàbá mi wà lára àwọn tó ru igi rẹ̀, tí èmi náà ti kọ́ A, B, D níbẹ̀ kí òjò tó ṣí òrùlé rẹ̀ lọ. Wọ́n ti tún un ṣe. Páànù tuntun, àtẹ̀gùn tuntun, fèrèsé aláwọ̀ ewé. Ó rẹwà débi pé níjọ́ tí wọ́n kùn ún tán, mo dúró níwájú rẹ̀ mo ń dá rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń kọjá lọ sì ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà ńbẹ̀. Ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba, irú àwọn tó ń fi áńkáṣíìfù nu àga kí wọ́n tó jókòó, ó ní tí ilé náà kò bá kún lọ́jọ́ tí a bá ṣí i, a jẹ́ pé ará ìlú kò nílò rẹ̀ nìyẹn, ekùrọ́ ni wọn ó máa kó sínú rẹ̀. Ekùrọ́! Inú ilé tí wọ́n ti kọ́ wa ní orúkọ Jésù! Mo fò dìde nínú ìpàdé, mo ní yóò kún, tí kò bá kún kí wọ́n kó èmi náà mọ́ ekùrọ́. Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́, wọ́n sì fi mí ṣe olórí ìkéde.

O mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ̀ là ń fi pe èèyàn. A ó lọ bá a nílé, a ó jókòó, a ó jẹ ohun tó bá gbé kalẹ̀, kí a tó sọ ohun tó gbé wa wá. Ṣùgbọ́n Vincent, ọ̀gá ilé-ìwé wa, ní ayé ti lajú, ògiri ni wọ́n fi ń pe èèyàn báyìí. Ó ní kí n ya fọ́tò níwájú ilé náà, kí n lọ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ńlá, kí a lẹ̀ ẹ́ káàkiri, òun sì gba ibi ìpàdé àwọn tíṣà lọ. Mo wọ agbádá funfun, mo jókòó, mo gbé ọwọ́ lé orúnkún, mi ò rẹ́rìn-ín rárá kí wọ́n má baà rò pé ọ̀rọ̀ eré ni. Onítẹ̀wé l'Ókìtìpupa kó oríṣiríṣi àpẹẹrẹ síwájú mi. Èyí tó ní etí dúdú yí fọ́tò ká, tó ní àgbélébùú lókè, ni mo mú, nítorí ilé mísọ̀n ni ilé wa. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní àgbà tó ń múra sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò wọ́pọ̀ mọ́. Ọmọ gidi ni.

Ọkùnrin rédíò kan tún wá láti Ìbàdàn nítorí ìkéde wa. Ó gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀, ó ní kí n máa sọ̀rọ̀ sí i, mo sì pe gbogbo ìlú wá síbi ṣíṣí ilé. Àfi bó ṣe tẹ nǹkan, tí mo gbọ́ ohùn ara mi nínú ẹ̀rọ! Ó ti kó o! Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ohùn mi ti há. Mo ti ránṣẹ́ sí i pé tó bá lò ó tán, kó dá èyí tó bá ṣẹ́kù padà fún mi.

A lẹ ìwé tán ní Fúráídeè. Ní Sátidé, mo ń jẹ púpurú lọ́wọ́, Mọ̀dínátù, ìyàwó Nùrẹ́nì aláṣọ l'Ókìtìpupa, kàn ń ké bọ̀ láti oríta. Ó yọjú sí mi, ó figbe ta, ó fi bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sílẹ̀, ó sá lọ. Mo wí fún ìyé rẹ pé ṣé ó rí i bí ìkéde ṣe ń ṣiṣẹ́, ayọ̀ ló gbé e débẹ̀ yẹn.

Àná ni Vincent dé. Ó rí ìwé náà lára ògiri ọjà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní òkú ni wọ́n ń tẹ etí dúdú fún! Ẹni tí kò mọ̀wé kà, ojú mi nìkan ló rí. Àṣé Mọ̀dínátù ti tàn án káàkiri pé òun rí àkúdàáyà mi tó ń jẹ púpurú. Rédíò sì gbé ohùn mi jáde ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ní ará Osooro lágbègbè wa sunkún, wọ́n ní ẹ ò rí i bí baba ṣe dágbére kó tó lọ.

Vincent fẹ́ kí wọ́n lu agogo káàkiri pé mi ò kú. Mo ní kò jẹ́ dán an wò! Ta ló ń wá ṣíṣí ilé? Èrò díẹ̀. Ta ló ń wá òkú àgbà? Gbogbo ayé. Ìwé ti sọ fún wọn, Ilé Alájà, Sátidé, aago mẹ́wàá. Èmi yóò wà lókè, n ó sọ̀ kalẹ̀ látorí àtẹ̀gùn tuntun nínú agbádá funfun mi. Ẹni tó bá fẹ́ sá kó sá, ọ̀gá ekùrọ́ á ti kà wọ́n. Nítorí náà inú yàrá ni mo wà. Ìyé rẹ ní òun ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni, òun ò sì ní tìtorí ilé pákó di opó. Bí wọ́n bá bi í, òótọ́ ló ń sọ, pé mo wà ní yàrá, mo ń sinmi. Wọ́n á tún bú sẹ́kún.

Ìwọ tí o ń ṣiṣẹ́ nídìí wáyà, tí gbogbo ọ̀rọ̀ ayé ń gba etí rẹ kọjá, tí o bá gbọ́ pé mo kú, jọ̀ọ́ má jiyàn. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o sọ pé aago mẹ́wàá ni. Tún fi pọ́n-ùn márùn-ún rán awakọ̀ lọ́rì tó mú ìwé yìí wá. Bisikíìtì la rà fún ṣíṣí ilé, ẹni tó bá wá sìnkú kò sì ní gba bisikíìtì lọ́wọ́ wa láéláé.

Rose, ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án yìí. Oyèkànmí wá sábẹ́ fèrèsé mi, Oyèkànmí tí a ti ń jà lórí ààlà oko ọ̀pẹ láti ìgbà tí o ti wà ní kékeré, tí kì í kí mi, tí mi ò kí i. Ó sunkún. Ó ní, Adéjọbí, ta ni n ó tún máa bá jà? Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń gbèrò láti wá kí mi, iṣẹ́ ni kò jẹ́. Omi bọ́ lójú mi, mo fi ọwọ́ bo ẹnu kí n má baà dá a lóhùn.

Iṣẹ́ ni kò jẹ́. Ohun tí ìwọ náà máa ń kọ sí mi nìyẹn, ọmọ mi, mi ò sì bínú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Oyèkànmí kò kúrò ní etí mi. Wá ní Sátidé. Ọlọ́run á ṣọ́ ọkọ̀ rẹ, ọ̀nà á là fún ọ, o kò ní bá ibi pàdé. Kúnlẹ̀ kí mi báyìí, nígbà tí mo lè dá ọ lóhùn.

Bàbá rẹ,
Adéjọbí.