Amòfin Tí Kò Tú Ọ̀rọ̀ Káfíńtà

Ní ọdún 1947, nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìgbàjámọ̀, ni wọ́n bí Màmá wa sí. Onígbàjámọ̀ ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn. Bàbá wọn kọ́ wọn pé ohun tí oníbàárà bá sọ lórí àga, orí àga náà ni kí wọ́n fi í sí.

Ní 1971, Màmá di amòfin. Ní 1973, wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú Bàbá wa, tíṣà ìṣirò. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn ará àdúgbò ń pe Màmá, nítorí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu wọn: ti òjò, ti bàtà tó ń há wọn lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kan ọ̀rọ̀ oníbàárà, rédíò kú nìyẹn. Aádọ́ta ọdún ni Bàbá fi bá wọn gbé, Bàbá kò gbọ́ ẹyọ kan.

Ní 1988, wọ́n fẹ̀sùn kan káfíńtà kan, oníbàárà Màmá, pé ó dáná sun ilé ìtajà ọ̀gá rẹ̀. Adájọ́ pàṣẹ pé kí Màmá wá sọ ohun tí ọkùnrin náà bá wọn sọ nínú ọ́fíìsì. Amòfin àgbà kan gbà wọ́n nímọ̀ràn: “Ẹ sọ ọ́ ná. Tí ẹjọ́ bá parí, ẹ pe kòtẹ́milọ́rùn.”

Màmá dáhùn: “Ẹyin lohùn, sà. Tó bá ti fọ́ tán, kòtẹ́milọ́rùn wo ló máa kó o jọ?”

Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n pe kòtẹ́milọ́rùn. Nígbà tí wọ́n ṣì kọ̀ láti sọ̀rọ̀, adájọ́ jù wọ́n sí àtìmọ́lé. Wọ́n ti di búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín sínú báàgì kí wọ́n tó kúrò nílé. Àwa ọmọ sunkún, a sì bínú sí wọn.

Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ẹjọ́ káfíńtà dúró ná, ó gbọ́ ti Màmá lójú ẹsẹ̀, ó sì dá wọn láre: oníbàárà ló ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tó bá sì ti jáde kò ṣe é dá padà. Màmá padà sílé, láti ẹnu géètì ni wọ́n ti ń rojọ́ nípa ẹ̀fọn inú àtìmọ́lé. Lẹ́yìn náà, wọ́n dá káfíńtà sílẹ̀.

Màmá jẹ́ akọrin nínú ìjọ, wọ́n sì ń bá àwọn ayálégbé rojọ́ ní kóòtù lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n fi Bàbá, ọmọ mẹ́rin àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lò kẹ́yìn, Bàbá bi wọ́n pé: “Ìyàwó mi, kí ni káfíńtà yẹn sọ gan-an?” Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí a bu omi fún àwọn.

Káfíńtà náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan pósí yìí. Màmá wa, ẹ sùn re. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú yín, kò sì ní fọ́.