Tíṣà Ojú-Ọjọ́: Ìjì Kọ́ Ló Pa Wọ́n

Ọdún 1959 ni wọ́n bí bàbá wa, nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kápíńtà. Òrùlé ni bàbá wọn ń kàn. Ìyá wọn ń ta kẹrosíìnì. Kí wọ́n tó mọ ìwé kà ni wọ́n ti ń na ìṣó sí bàbá wọn lórí àkàbà. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Wọ́n parí ilé ìwé girama ní 1977, wọ́n di olùkọ́ ní 1982. Ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́ ni iṣẹ́ wọn: òjò, atẹ́gùn, ìkùukùu, ooru, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Láràárọ̀, ọmọ kan á jáde wo òkè, á wá jábọ̀. Èyí tó bá ní, "Ojú ọjọ́ dára, sà," á padà síta. "Dára fún ta ni? Fún alágbàfọ̀ ni àbí fún àgbẹ̀? Sọ ohun tí o rí!" Wọ́n ní ojú ọjọ́ ni tòní, èyí tó ń rí bẹ́ẹ̀ láti ọdún dé ọdún, ìṣesí ojú ọjọ́ ni. "Bí bàbá rẹ bá jágbe lẹ́ẹ̀kan, ojú ọjọ́ ni. Bó bá ti ń jágbe kí wọ́n tó bí ọ, ìṣesí nìyẹn."

Ní 1985, wọ́n rí alágbàfọ̀ kan tó ń sá aṣọ. Wọ́n ní, "Ẹ kó o o, òjò lè rọ̀." Ó kó o. Oòrùn ràn títí di ìrọ̀lẹ́.

"Òjò yín dà, Tíṣà?"

"Mo ní ó lè rọ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìlérí."

"Ẹ yáa wá bá mi sá a padà!"

Wọ́n sá a. Ọdún yẹn náà ni àwọn méjèèjì fẹ́ ara wọn: ìyá wa nìyẹn.

Bàbá wa ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n wọn kì í di ẹ̀bi ènìyàn lé Ọlọ́run lórí.

Láti 2016 ni wọ́n ti ń sọ fún ẹni tó ni ilé ìwé wọn pé páànù kíláàsì ti tú. Ọmọ kápíńtà ni wọ́n; wọ́n mọ ìró páànù tó tú. Ọdọọdún ló ń dáhùn pé, "A ó wò ó, Tíṣà." Ó kun iwájú ilé, ó ṣe géètì tuntun. Ní oṣù kẹta ọdún yìí, ìjì dé. Bàbá wa di ilẹ̀kùn mú títí gbogbo ọmọ fi jáde, òrùlé sì wó lu bàbá fúnra wọn. Ọkùnrin tó ni ilé ìwé náà wá kí wa. Ó jókòó sórí àga bàbá wa, ó ní, "Ta ló lè bá ojú ọjọ́ jà?"

Irọ́ ni. Ìjì yẹn, ojú ọjọ́ ni. "A ó wò ó" ni ìṣesí, òun ló pa wọ́n. Irú páànù kan náà ló bo kíláàsì kejì, àwọn ọmọ sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, ẹ nu ojú yín, kí ẹ lọ kó ọmọ yín jáde.

Wọ́n fi ìyàwó, ọmọ mẹ́rin àti ọmọ-ọmọ mẹ́fà sílẹ̀ lọ. Èyí tó kéré jù ṣì ń wo òkè láràárọ̀, kò rí ẹni jábọ̀ fún.

Ẹ sùn re o, Tíṣà. Ẹ gba ìjábọ̀ àárọ̀ tí a kọ èyí: ìkùukùu bo oòrùn, atẹ́gùn kò fẹ́, inú ń bí wa. A ò ní sọ pé ojú ọjọ́ dára.