Ẹ̀yìn Tó Gbé Mi Lọ Sílé Ìwé

Olóòtú wa, mo kí yín, mo kí gbogbo ẹni tó wà nídìí rédíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, ẹnu ẹbí wa kì í dilẹ̀.

Láti kékeré lẹsẹ̀ mi ti rọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń pọ̀n mí lọ sílé ìwé. Á gbé mi sórí àga, á lọ jókòó sábẹ́ fèrèsé títí a ó fi jáde, torí owó ilé ìwé ẹnì kan péré lagbára bàbá wa ká. Lónìí, akọ̀wé ni mí; ẹ̀gbọ́n mi ń dirun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè.

Bàbá wa kú, ó fi ṣọ́ọ̀bù kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ ilé. Ẹbí ní kí n fi ṣe yàrá, kí n yé fi ọ̀pá gun àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní, "Gbà á, àbúrò mi. Èmi ṣáà lẹ́sẹ̀ méjì."

Ẹsẹ̀ tó fi ń gbé mi kiri nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kàwé? N ò gbà! Mo kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún un kó lè máa dirun níbẹ̀, ó dá a padà, mo tún kó o fún un. Bàbá kékeré ní orí mi ti dàrú. Kó dàrú!

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá a: nínú ẹni tí wọ́n pọ̀n àti ẹni tó pọ̀n ọ́n, ta gan-an ni kò lẹ́sẹ̀?