Àwọn Ọmọ Onílé-Méjì

Ọjọ́ Ajé, 12 Èrèlè 2024
Òdìnátọ̀ wa, kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn, yá lónìí bí ẹni tí ajá ń lé. Serge, tó ń bá wa tún un ṣe láti Parakou, ló fi nǹkan tuntun sínú rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ní kó kó orúkọ àwọn ọmọ tí abẹ́rẹ́ èéyi kejì tọ́ sí jáde, màá po gààrì, màá mu ún tán, kò ní tíì dáhùn. Lónìí — kíá. Ọlọ́gbọ́n ni n ó máa pè é.
Kèrè, abúlé oko: ọmọ 131. Oṣù tó kọjá, kí àjẹsára tó dé, 184 ni. Mo rí i pé ó dín. Mo ní bóyá àwọn kan ti gba tiwọn níbòmíràn. Mo ka abẹ́rẹ́ iye orúkọ náà gẹ́lẹ́ sínú àpótí yìnyín, Ẹsẹ̀-Eruku gbé e sẹ́yìn alùpùpù, ó lọ. (Gisèle ni, nọ́ọ̀sì alábẹ́rẹ́ wa. Orúkọ yẹn, inú ìwé yìí nìkan ló wà.)

Ọjọ́ Ajé, 19 Èrèlè
Gisèle dá lísìtì padà. Ó ti sàmì sí gbogbo orúkọ. Mo kọ ọ́ sínú Ọlọ́gbọ́n. Bébà rẹ̀, mo fún Ràhímọ́tù tó ń ta kúlíkúlí lẹ́nu géètì, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó fi ẹyọ mẹ́ta ta mí lọ́rẹ.

Ọjọ́ Rú, 28 Èrèlè
Ooru. Àwọn òkúta òkè ń mí bí ààrò.

Ọjọ́ Ajé, 4 Ẹrẹ́nà
Achille gbé Bienvenu ọmọ rẹ̀ wá láti Kèrè. Ọmọ oṣù méjìdínlógún. Èéyi. Ojú pọ́n bí ata.
Achille ń pariwo: "Gisèle gún ọmọ aládùúgbò mi! Ó dé iwájú ilé mi, ó kí mi, ó kọjá! Kí ni mo fi ṣe é?"
Gisèle ní orúkọ Bienvenu kò sí lórí lísìtì òun, abẹ́rẹ́ kò sì ṣẹ́ kù.
Májọ̀ Cosme, olórí wa, ní kí n wò ó. Mo tẹ orúkọ Bienvenu nìkan. Ó jáde: abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni; èkejì, rárá.
"Ó kúkú wà níbẹ̀," ni Májọ̀ wí. "Lísìtì ọjọ́ náà dà?"
Wọ́n ti fi di kúlíkúlí. Mo ní a kì í tọ́jú rẹ̀. Mo tún fi kún un — kò sẹ́ni tó bi mí — pé ẹ̀rọ kì í purọ́. Ẹnu mi yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Ẹrẹ́nà
Májọ̀ ti ń kọ lẹ́tà. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Gisèle á kúrò lẹ́nu iṣẹ́.
Mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò. Kò bú mi. Ó ní, "Baba Diane, ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gun òkè yìí. Ṣé ẹ̀yin náà gbà pé mo fo ilé Achille?"
Mo ní ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ mi. Irọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 7 Ẹrẹ́nà
Mo bi Ràhímọ́tù bóyá ó ku bébà kan. Ó rẹ́rìn-ín títí. "Bàbá akọ̀wé, ẹ lọ bi àwọn tó jẹ kúlíkúlí!"
Ara Bienvenu ti ń balẹ̀. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ṣọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Ẹrẹ́nà
Ara mi kò gba ìjókòó. Mo gbé ìwé kayé mi — èyí tí mo ṣì ń fọwọ́ kọ orúkọ ọmọ sí, tí Májọ̀ fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kí Ọlọ́gbọ́n kó ti Kèrè tó ṣẹ́ kù jáde. Ó ní kò ku ẹnì kan. Kayé ní ó ku mẹ́tàléláàádọ́ta.
Mo ń fi ìka tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ló pa wọ́n pọ̀? Kì í ṣe ọjọ́ orí. Kì í ṣe ìyá. Ìgbà tí mo dé orúkọ ogún ni mo rí i: gbogbo wọn ló ní ilé nígboro Dassa, tí wọ́n tún ní abà lóko. Ilé níbí, oko lọ́hùn-ún. Bíi gbogbo wa.

Ọjọ́ Ajé, 11 Ẹrẹ́nà
Mo pe Serge. "Bàbá, bóyá ọwọ́ yín ló ṣì í tẹ̀." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò bàákì lẹ́ẹ̀mejì, kí ló mọ̀? Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ fún un. Nígbà tí mo dé ìkẹsàn-án, ó ní kí n dúró, òun á wò ó.
Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ó pè padà. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń yan ọ̀nà tó máa fi wá nǹkan. Láti ọjọ́ tí òun ti fi nǹkan tuntun sí i, ọ̀nà àbùjá ló ń gbà: ó ń wá níbi ilé, ó ń wá níbi oko lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá kan ọmọ tó wà ní méjèèjì, ti ilé á rò pé ti oko ti mú un, ti oko á rò pé ti ilé ti mú un. Kò sẹ́ni tó mú un. Bí a bá wá orúkọ kan ṣoṣo, kì í gba ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí Bienvenu fi jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Ẹrẹ́nà
Mi ò tíì sọ. Májọ̀ á bi mí: 184 di 131, o ò rí i?

Ọjọ́ Rú, 13 Ẹrẹ́nà
Jeanne, ọmọ Diane ọmọ mi, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé. Ilé wa, Dassa. Oko wa, Soclogbo. Mo ní kí Ọlọ́gbọ́n kó ti Soclogbo jáde. Jeanne kò sí níbẹ̀. Mo ṣí kayé. Èkejì — òfo.
Òun ló ń jó níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́bọ̀, 14 Ẹrẹ́nà
Mo sọ ọ́ láàárọ̀, lójú gbogbo wọn. Kúlíkúlí pàápàá. Májọ̀ tó máa ń tẹ bíìkì ìkọ̀wé rẹ̀ tá-tá dáwọ́ dúró.
"O rí i, o dákẹ́?"
"Mo rí i, Májọ̀. Mo dákẹ́."
Ó fa lẹ́tà Gisèle ya. Ó ní tèmi ń bọ̀. Gisèle ní, "Ẹ kọ orúkọ wọn fún mi." Mo kọ ọ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Ẹrẹ́nà
Ilé wa ni Gisèle kọ́kọ́ yà. Jeanne ti ń ké kí abẹ́rẹ́ tó yọ.
"Baba Diane, ṣé ọmọ yìí wà lórí lísìtì?"
Mo fi hàn án. Ìlà kìíní. Ó gún un, ó sàmì sí i, ó ká bébà náà wọnú àpò bùlọ́ọ̀sì, ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀.
"Èyí, èmi ni n ó tọ́jú rẹ̀ o. Kí Ràhímọ́tù wá bébà mìíràn."
Ó ṣáná sí alùpùpù, ó dorí kọ ọ̀nà Kèrè.