Aago Ṣọ́jà Bàbá Ìbejì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 oṣù kẹwàá
A ra aago lónìí. Èmi àti ọkọ mi la jọ lọ. Omi ti ba ti àtijọ́ jẹ́ — pulọ́ńbà tó ń tún páìpù ilé ìwòsàn ṣe, kí ni omi ò ní fojú ẹ̀ rí? Bàbá Ìbejì ní èyí tó le lòun fẹ́, tí òun á máa wọ̀ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tí kò ní í bẹ̀rù omi, tí kò ní í bẹ̀rù irin. Èyí tó wá wù ú, bí aago ṣọ́jà ló rí: dúdú, ó nípọn, okùn ẹ̀ dà bí ewé gbígbẹ, aago kéékèèké mẹ́ta wà nínú ńlá. Tó bá tẹ bọ́tìnnì òkè, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú. Tó bá tún un tẹ̀, á dúró. Ti ìsàlẹ̀ á dá ọwọ́ ẹ̀ padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin tó ń tà á ló dì í mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tú u, ó tún un dì. Ó ní, "Ó mà yẹ yín lọ́wọ́ o, sà." Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Mi ò rí irú ẹ̀rín yẹn láti ìgbà táwọn ìbejì ti lọ sí yunifásítì. Pẹ̀lú ojú ẹ̀ tó ń dán yẹn, Ẹlẹ́yinjú ni màá máa pe obìnrin náà.

Ọjọ́ Àìkú, 5
Ó wọ̀ ọ́ wẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ sùn. Orogún ti wọlé, wọn ò sì sọ fún ìyálé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Ilé dákẹ́. Èmi àti ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń ṣíwọ́ nílé ìwòsàn, ìrìn ogún ìṣẹ́jú sì ni. Kí aago mẹ́rin ààbọ̀ tó lù, ó yẹ kó ti dé. Lónìí — márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Àná náà bẹ́ẹ̀. Mo bi í kó tó bọ́ bàtà. Ó ní páìpù kan ló bẹ́. Mo ní páìpù wo. Ó ní, "Jẹ́ n jókòó ná." Mo bá tèmi lọ: oníbàárà tó dá aṣọ padà, àwọn ìbejì tí kì í pe èèyàn, àbúrò ẹ̀ tó ń rí mi fín. Láti àárọ̀ ni mo ti ń kó o jọ. Ta ni n bá sọ ọ́ fún?

Ọjọ́rú, 8
Márùn-ún ku ìṣẹ́jú méjìlá. Páìpù náà ni, ó ní.

Ọjọ́bọ̀, 9
Mo sọ fún un pé páìpù tó ń bẹ́ lásìkò kan náà lójoojúmọ́, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni. Ó jẹun tán, ó fọ àwo ara ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11
Ó sùn lọ lórí àga lọ́sàn-án, apá ẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mo wo orogún mi, aago yẹn, lójú. Láti àná, ó gbàgbé láti dá a padà: ọwọ́ kékeré dúró lórí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo fi ṣọ́ọ̀kì aránṣọ kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ṣọ́ọ̀bù Ẹlẹ́yinjú ló sì wà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Mo wo ara mi nínú dígí — ẹran ń bẹ, owú náà ń bẹ.

Ọjọ́ Ajé, 13
Mo wọ búláòsì mi tó dáa jù, mo mú aago ara mi tó ti kú dání, mo lọ bá Ẹlẹ́yinjú ní ṣọ́ọ̀bù. Ó dá mi mọ̀. "Mà, ṣé ọ̀gá ń gbádùn aago wọn?" Mo ní ṣé ọkọ mi kì í wá sọ fún un fúnra ẹ̀ ni? Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló wá, lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ó wá bèèrè bóyá aago náà máa ń dún tó bá ń ka ìṣẹ́jú. Kò fẹ́ kó dún rárá. Òun sọ fún un pé kì í dún, ó dúpẹ́, ó lọ.

Nígbà tó dìde ni mo rí i pé oyún inú ẹ̀ ti tóbi. Ọkọ ẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń tú aago ògiri. Ojú tì mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó délé, ara mi ti tún gbóná. Tí kì í bá ṣe eléyìí, ta ni? Èyí téèyàn ò mọ̀ ló burú jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14
Márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Mo sọ̀rọ̀ títí ó fi lọ sùn.

Ọjọ́bọ̀, 16
Mo ṣíwọ́ iṣẹ́ ní aago mẹ́ta ààbọ̀, mo fi ìborùn bo orí, mo lọ dúró lẹ́yìn ọkọ̀ kan níwájú ilé ìwòsàn. Aago mẹ́rin, ó jáde, àpò irinṣẹ́ léjìká. Mo tẹ̀ lé e. Ó kọjá ṣọ́ọ̀bù aago, kò wo ibẹ̀. Kò yà síbì kankan títí a fi dé àdúgbò wa. Àṣé ará àdúgbò ni obìnrin náà.

Ó yà sí òpópónà ẹ̀yìn ilé wa. Ìsọ̀ káfíńtà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti tì pa láti ọdún tó kọjá, bẹ́ǹṣì wà níwájú ẹ̀. Ó gbé àpò sílẹ̀. Ó jókòó. Ó tẹ aago.

Mo fara pa mọ́ sí kọ̀rọ̀ ògiri, mò ń retí ẹni tó máa jáde. Kò sẹ́ni tó jáde. Kò mú fóònù. Ó kàn fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn káfíńtà, ó di ojú. Òrùlé wa hàn kedere láti ibi tó jókòó sí. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á lajú, á wo aago, á tún dijú. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kó tó tẹ̀ ẹ́ kó dúró. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nu ojú, bí ẹni tó fẹ́ wọ ọ́fíìsì ọ̀gá. Ó gbé àpò.

Mo sáré gba ẹ̀yìnkùlé. Mo ṣáájú ẹ̀ délé, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mò ń mí gùlegùle. Ìbéèrè wà lẹ́nu mi, níbi tó máa ń wà.

Ó wọlé. "O kú ilé."

"Ẹ káàbọ̀," ni mo wí.

Mi ò sọ nǹkan míì. Abẹ́rẹ́ ni mò ń wò.

Kò jókòó. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, àpò ṣì wà léjìká ẹ̀, ó ń retí ìyókù ọ̀rọ̀ mi.