Ẹ̀kọ Jéró Màmá Kamla

Ilé Aláró,
Ìfẹ̀wàrà.
Oṣù Kẹwàá, 1992.

Ṣíjúadé, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni lẹ́tà yìí bá ọ, ìwọ àti Báyọ̀ ọkọ rẹ àti ọmọ tuntun tí Olúwa fi ta wá lọ́rẹ? Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìdáwà, ẹ kú àìsùn. Ọlọ́run tó bá ọ wọ yàrá ìbímọ tó sì bá ọ jáde kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ti ń dé oko ìtòsí. Ewúrẹ́ aláwọ̀ eérú yẹn bí ìbejì, Akínbọ́lá káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ilé wa ti gbéyàwó, ìjì sì ti ṣí páànù ẹ̀yìn ilé, abọ́ la gbé sábẹ́ rẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, mo ní ẹjọ́ ọkọ rẹ láti rò fún ọ. Mo lọ pè yín ní ilé fóònù ní Ilé-Ifẹ̀, Báyọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé e, ó ń sọ òyìnbó, akọ̀wé ibẹ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi pé ó ní àwọn ò sí nílé. Mo ní báwo lènìyàn ṣe máa wà nílé tí á tún máa sọ pé òun ò sí nílé. Mo kí i, mo kí àwọn òbí rẹ̀, mo béèrè rẹ, kò dáhùn, nǹkan kan kàn ké ṣíín sí mi létí. Akọ̀wé ní ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀, mo ní èmi mọ ohùn àna mi. Mo gbàdúrà fún un síbẹ̀ títí wọ́n fi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Má bá a jà o, iṣẹ́ òru tó ń ṣe ní Nathan Way yẹn ló ń dà á láàmú, ẹni tí kò rí oorun sùn lè má mọ ibi tó wà.

Ohun tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ obìnrin ará Íńdíà tó ń gbé nísàlẹ̀ yín ní Thamesmead nílùú òyìnbó lọ́hùn-ún. Ìwọ náà mọ̀ pé èmi ló yẹ kí n wá wẹ ọmọ yẹn. Mo ti di ẹrù mi, ọṣẹ dúdú, àdí, kàn-ìn-kàn-ìn, gbogbo rẹ̀ ni mo dì. Àwọn tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ láti wọ ìlú òyìnbó bi mí pé kí ló máa mú mi padà wá sílé, mo ní ewúrẹ́ mi ni, àti bàbá rẹ, àti àga mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ṣé mo ní owó ní báńkì, mo ní kí ni kí n lọ kó owó sí níbi tí ojú mi ò ti ní tó o. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Mo lọ sílé lóòótọ́, mo jókòó ti ẹrù, mo ń retí wọn, àfìgbà tí bàbá rẹ là á yé mi pé kíkọ̀ ni wọ́n kọ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni lẹ́tà rẹ dé. O ní lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ oúnjẹ kò wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ, omi ọmú kò wá, ọmọ ń sunkún, ìwọ náà ń sunkún, Báyọ̀ sì wà níbi iṣẹ́. O ní obìnrin yẹn gbọ́ igbe yín láti òkè àjà, ó wá kan ilẹ̀kùn, ó gbé ẹ̀kọ jéró oníyọ̀ dání, ó ń fi ṣíbí bù ú sí ọ lẹ́nu bí ọmọdé, àtìgbà náà ló sì ti ń wá láràárọ̀, ó ń wẹ ọmọ, ó ń fi òróró ra ọ́ lẹ́yìn, omi ọmú sì ti dé. Mo kà á fún bàbá rẹ, wọ́n ní ká dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ọ, Ṣíjúadé, inú mi ò dùn. O pè é ní Màmá Kamla, ọ̀rọ̀ màmá yẹn gún mi. Mo wọ yàrá, mo tú ẹrù tí mo dì, mo mú kàn-ìn-kàn-ìn yẹn lọ́wọ́, mo sunkún.

Mo wá ní kí n se ẹ̀kọ náà kí n tọ́ ọ wò, kí n mọ ohun tí obìnrin mìíràn fi ń bọ́ ọmọ mi. Ibi tí mo ti máa bú u ni mo ń wá.

Mo ra jéró lọ́dọ̀ Nusirat tó ń kó o wá láti òkè Ọya, ó ní ṣé fùrá ni mo fẹ́ ṣe, mo ní rárá, ẹ̀kọ oníyọ̀ ni, ó wò mí lójú bóyá ara mi yá. Irúgbìn olóòórùn dídùn tí o dì sínú ọ̀rá ránṣẹ́, tí o pè ní kúmínì, mo fi han wòólì wa, wọ́n ní òun ni àwọn Farisí ń san ìdá mẹ́wàá rẹ̀ láyé Jésù. Nítorí náà mo yọ ìdá mẹ́wàá rẹ̀, mo gbé e síwájú pẹpẹ. Wòólì ò tíì mọ ohun tí àwọn máa fi ṣe.

Mo tẹ̀lé gbogbo ohun tí o kọ. Mo rẹ jéró sómi mọ́jú, mo gún un jẹ́jẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, mo fẹ́ ẹ, mo tún gún un, mo tún fẹ́ ẹ. A ò ní irú ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí o sọ, mo lo ẹ̀wà wa, a ò sì ní atalẹ̀ pupa, mo fi epo rọ́pò rẹ̀. Mo gbé e kaná, mo jókòó tì í, torí o kọ ọ́ pé ìkòkò obìnrin yẹn máa ń súfèé lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí oúnjẹ tó jinná. Ìkòkò mi ò súfèé. Mo dúró títí, omi gbẹ, ìdí rẹ̀ jóná, kò súfèé. Mo dà á fún adìẹ, mo tún òmíràn gbé kaná, mo ní bóyá ìkòkò Ìfẹ̀wàrà ò mọ àṣà Íńdíà, kí n kúkú bá a ṣe é. O mọ̀ pé obìnrin kì í súfèé nílé wa, ṣùgbọ́n torí rẹ mo súfèé lẹ́ẹ̀mẹ́ta sórí ìkòkò. Bàbá rẹ yọ láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní ọdẹ wo ló ń pe ajá nínú ilé ìdáná àwọn. Mo ní oúnjẹ tí ọmọ wọn ń jẹ nílùú òyìnbó ni mo ń sè. Wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó.

Ó jinná. Mo sọ kúmínì sínú òróró gbígbóná, ó ta pàràpàrà, mo dà á lé e lórí. Kì í ṣe ẹ̀kọ, kì í ṣe àsáró, àárín méjèèjì ló wà. Iyọ̀ inú rẹ̀ kọ́kọ́ ya ẹnu mi lẹ́nu, nígbà tó yá ẹnu mi gbà á. Bàbá rẹ fi ìka nu abọ́. Mo wá ibi tí mo ti máa bú obìnrin náà, mi ò rí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu ló yí mi lọ́kàn padà, apá ni. Lọ́jọ́ kejì mi ò lè gbé apá sókè kí n wé gèlè. Mo jókòó sórí ẹní, mo ń rò ó, pé bí èmi tó ń gúnyán láti kékeré bá rí báyìí lẹ́yìn ìgbà tí mo fi se oúnjẹ ẹnu méjì, Màmá Kamla ńkọ́, tí o ní gbogbo irun wọn ti funfun, tí orúnkún ń dùn wọ́n, tí wọ́n ń ru jéró láti ọjà Beresford wọ bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń rẹ ẹ́, tí wọ́n ń gún un, tí wọ́n tún ń gbé e gun àtẹ̀gùn wá láràárọ̀? Ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún àlejò. Ọmọ ẹni là á ṣe é fún. Ìlara mi tú ká, Ṣíjúadé.

O kọ ọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ kan fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn wọn àti tiyín pé kí ẹ máa lọ sílé yín. Èmi rò pé ọmọ rere ni wọ́n, pé wọ́n mọ̀ pé àwọn ìyá ń retí yín, mo fẹ́ ní kí o bá mi kí wọn. Bàbá rẹ ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, inú mi dùn pé kì í ṣe ìwọ nìkan ló ń gbé orí àtẹ̀gùn yẹn.

Owó páànù tí o fẹ́ fi ránṣẹ́, mú nínú rẹ̀ kí o fi ra ìbòrùn tó nípọn fún wọn, àti òróró ìpara fún orúnkún. Kí o wá fi èyí tó kù ránṣẹ́ kíá, òjò ò ní sùúrù. Tí ẹni ń bọ̀ bá wà, fi ìkòkò tó ń súfèé rán an sí mi, àwọn ìyá ìjọ ti ń béèrè ohun tó ń ṣe mí tí mo fi ń súfèé. Olúwa á dá ara rẹ padà, ọmọ á gbó, á tọ́, ilẹ̀ àjèjì ò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Lọ́jọ́ tí a sọ ọmọ lórúkọ níbí láìrí ojú rẹ̀, bàbá rẹ pè é ní Mojọláolúwa, àwọn ẹbí Báyọ̀ pè é ní Ìyèbíyè, oníkálùkù ń sọ owó sínú omi. Nígbà tó kàn mí, mi ò sọ orúkọ kankan. Mo ní ẹni tó bá wẹ ọmọ ló mọ orúkọ tó bá a mu, kí n dúró di ìgbà tí mo bá wẹ̀ ẹ́. Àyè mi ṣì ṣófo. Pe Màmá Kamla, gbé omi kalẹ̀ nínú abọ́, kí wọ́n sọ ohun tó bá wà lọ́wọ́ wọn sí i, kí wọ́n sì sọ ọmọ náà lórúkọ ní èdè wọn. Kọ orúkọ ọ̀hún gàdàgbà ránṣẹ́ sí mi, kí n máa pè é ládùúrà àárọ̀, kó ti mọ́ mi lẹ́nu kí n tó rí ọmọ náà sójú.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.